Bí Ọdẹ́dìran Ṣe Lọ Pe Òjò Lẹ́jọ́, Tó Mú Ẹlúlùú Dání Bí Ẹlẹ́rìí

Ẹni tó bá máa tọ̀, kó yáa lọ tọ̀ báyìí. Ẹni tó bá gbé ẹ̀wà kaná, kó lọ bomi sí i kó tó wá jókòó, torí tí mo bá ti ṣí ẹnu ìtàn yìí, mi ò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ sún mọ́ra. Ọ̀rọ̀ Ọdẹ́dìran ni, ọdẹ Odò-Ẹtu, ọkùnrin tó ní òun ti gbá ẹfọ̀n létí rí, tí ẹfọ̀n náà sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òun. Òun ló sọ bẹ́ẹ̀ o, kì í ṣe èmi. Ẹnu ẹ̀ la ti gbọ́ gbogbo ohun tẹ́ ẹ fẹ́ gbọ́ yìí. Tẹ́ ẹ bá rí irọ́ níbẹ̀, ẹ bá mi kó o padà fún un.

Abúlé tó wà létí odò ni Odò-Ẹtu. Odò ọ̀hún ni mo sọ pé ó wà létí ẹ̀, mi ò sọ pé omi wà nínú ẹ̀. Lọ́dún tá à ń wí yìí, pẹ́pẹ́yẹ ń fẹsẹ̀ rìn kọjá láàárín odò, eruku sì ń sọ lẹ́yìn ẹ̀.

Kì í rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Tẹ́lẹ̀, tí ẹlúlùú bá ti ké nínú igbó, ẹyẹ tí ohùn ẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n ń da omi látẹnu orù, gbogbo abúlé á mọ̀ pé òjò ti ń bọ̀. Wọ́n á gbin àgbàdo. Òjò á rọ̀ lónìí, á sinmi, á tún padà wá bí ẹni tó gbàgbé fìlà. Àgbàdo á hù. Kò sẹ́ni tó ń ṣe hílàhílo.

Àṣà kan tún wà lábúlé yẹn tí mi ò tíì rí irú ẹ̀ níbòmíì. Lọ́jọ́ tí òjò àkọ́kọ́ bá fẹ́ rọ̀, gbogbo ilé á dojú ìkòkò dé. Àmù, orù, garawa, kẹ́ẹ̀gì, títí dórí ife tí wọ́n fi ń mu ògì, gbogbo ẹ̀ á dojú bolẹ̀ ní gbangba. Wọ́n ní àlejò ni òjò àkọ́kọ́, pé ìwà ọ̀kánjúwà ni kéèyàn máa já ẹrù gbà lórí ẹni tí kò tíì wọlé. Tí òjò kẹta bá wá rọ̀, Yèyé Ìbídùn, ìyá àgbà tí ọ̀rọ̀ yẹn wà lọ́wọ́ ẹ̀, á na ọ̀pá ẹ̀ síta, á ní, "Ó ti di onílé. Ẹ ṣí ìkòkò yín." Nígbà náà ni wọ́n á tó gbe omi.

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, ẹlúlùú ké, wọ́n gbin àgbàdo, òjò dé. Òjò wo lẹ ní ó dé? Ó já lulẹ̀ bí ìgbà tí ògiri wó. Ó gbé ilé ewúrẹ́ Ọdẹ́dìran lọ, ewúrẹ́ wà nínú ẹ̀, ó ń wo ojú fèrèsé. Gbogbo ìkòkò dojú dé, àwọn onílé fọwọ́ lẹ́rán. Ó dá. Ó lọ. Kò padà mọ́. Oòrùn yan irúgbìn nínú ilẹ̀ bí ẹni tó ń yan ẹ̀pà.

Nígbà tó pẹ́ gan-an, ẹlúlùú tún ké. Wọ́n tún gbìn. Òjò tún já lulẹ̀. Ọdẹ́dìran ní, "Yèyé, ṣé ká ṣí ìkòkò, ẹlẹ́ẹ̀kejì rèé." Yèyé Ìbídùn rò ó títí, ó ní, "Ó ti pẹ́ jù tó ti lọ. Ẹni tó bá lọ pẹ́ tó báyẹn, àlejò ló tún padà dà. A ó bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ìbẹ̀rẹ̀." Ni wọ́n bá tún dojú ìkòkò dé. Omi ṣàn kọjá lójú wọn lọ sí ìsàlẹ̀, oòrùn tún yan irúgbìn ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Ó wá ku apẹ̀rẹ̀ irúgbìn kan ní gbogbo abúlé. Ọwọ́ Àwẹ̀ró, ìyàwó Ọdẹ́dìran, ló wà.

"Ẹ jẹ́ ká sè é," Àwẹ̀ró ní. "Àwọn ọmọ ń wo ẹnu mi."

"Tá a bá sè é lónìí, kí la máa gbìn?"

"Tá a bá gbìn ín lónìí, kí la máa hú? Èédú?"

"Àwẹ̀ró, má fọwọ́ kàn án. Mo ń lọ pe òjò lẹ́jọ́."

Àwẹ̀ró wò ó bí ẹni tó ń wo ìgò òfìfo. "Ta lẹ máa pè?"

"Òjò. Ẹfọ̀n bẹ̀ mí rí. Òjò náà á sọ ọjọ́ tó máa wá, lójú mi. Tó bá fún mi lọ́jọ́, a ó gbìn ín. Tí kò bá fún mi, ẹ sè é."

"Ó dáa. Màá tọ́jú ẹ̀ síbi tí eku ò lè dé. Ṣùgbọ́n, baálé mi, ẹ má pẹ́. Tí ẹkún àwọn ọmọ yìí bá pọ̀ jù, mi ò ní bi ẹnikẹ́ni."

Bí Ọdẹ́dìran ṣe gbé ìbọn ṣakabùlà ẹ̀ kọ́ nìyẹn, ó wọ gbérí, ẹ̀wù ọdẹ ẹ̀, ó wọ inú igbó. Ìbínú ẹ̀ àkọ́kọ́, ọ̀dọ̀ ẹlúlùú ló gbé e lọ. Ó bá a lórí igi ayùnrẹ́, ó fi ọ̀já mú un lẹ́sẹ̀ gììrì.

"Ìwọ lo kọ́kọ́ parọ́," ó ní. "Ẹlẹ́rìí mi ni ọ́. Tá a bá débẹ̀, wàá sọ ẹni tó ní kó o ké."

"Baba ọdẹ, ẹ rọra mú mi lẹ́sẹ̀," ẹyẹ ní. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, nínú igbó yẹn ẹyẹ ń sọ̀rọ̀, ó tiẹ̀ lẹ́nu ju ìyàwó ilé lọ. "Kò sẹ́ni tó ní kí n ké. Àyà ló ń yún mi. Tí ooru bá mú, tí atẹ́gùn tútù díẹ̀ sì tẹ̀ lé e, àyà á yún mi, màá ké. Bàbá mi náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìsinsìnyí, látìgbà Kérésì ni àyà ti ń yún mi. Mò ń yún un lọ́sàn-án, mò ń yún un lówùúrọ̀. Èmi gan-an ò mọ èyí tó jẹ́ tòjò níbẹ̀ mọ́."

"Wàá lọ sọ bẹ́ẹ̀ níwájú òjò."

"Màá sọ ọ́. Ṣé ẹ ní omi lọ́wọ́?"

Kò ní omi lọ́wọ́. Wọ́n ń lọ.

Igbó àkọ́kọ́ tí wọ́n kàn, iwin Ìrókò ló ni ín. Iwin ọ̀hún ga bí òpó wáyà iná, ó lójú níwájú, ó lójú nípàkọ́, àwọn ojú náà ń làágùn. Ó na ẹsẹ̀ dí ọ̀nà. Ó ní ẹni tí kò bá já àlọ́ òun, òun máa sọ ọ́ di gbòǹgbò. Ọdẹ́dìran na àyà, ó ní kó pa àlọ́ náà. Iwin jẹ́ kí ohùn ẹ̀ bú bí ààrá, ó ní, "Kí ló wọlé wa láìlẹ́sẹ̀, tó jáde, tó gbé ilé lọ?"

"Àgbàrá," Ọdẹ́dìran ní. "Ewúrẹ́ mi wà nínú ẹ̀."

Ojú iwin wálẹ̀. Ó jókòó sórí ẹsẹ̀ ara ẹ̀. "Tẹ́lẹ̀, àlọ́ yìí le," ó ní. "Àwọn ọdẹ ń fi ọ̀sẹ̀ kan họrí níbí. Gbòǹgbò tí mo ní lẹ́yìn ilé ò níye. Ìsinsìnyí, ọmọ tó ń fà nílẹ̀ mọ ìdáhùn ẹ̀. Mò ń wá àlọ́ míì. Ṣé ẹ ní?"

"Mo ní. Kí ni kì í dé nígbà tá a bá ń dúró dè é, tó máa wá dé lọ́jọ́ tá a sá aṣọ?"

Iwin rò ó, ó rò ó, ó bú sẹ́kún. Wọ́n fi í síbẹ̀. Ọdẹ́dìran máa ń sọ pé òun lòun ṣẹ́gun iwin yẹn. Ẹlúlùú ní kì í ṣe ìṣẹ́gun, pé àwọn méjì tí ìyà kan náà ń jẹ ló pàdé.

Wọ́n dé ìlú Ọyẹ́. Ẹ̀yin náà mọ Ọyẹ́, ẹni tó máa ń bó wa ní awọ ètè, tó ń jẹ́ kí wọ́n fi òrí pa ọmọ lẹ́sẹ̀. Ọdẹ́dìran ti di ara ẹ̀ mọ́ gbérí, ó ń retí òtútù. Ta ló bá? Bàbá arúgbó kan tó jókòó sábẹ́ àtíbàbà, ó fi fìlà ń fẹ́ ara ẹ̀, òógùn ń kán ní irùngbọ̀n ẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó, bàbá."

"Ìjókòó wo? Wọ́n dá mi dúró níbi iṣẹ́ ni." Ọyẹ́ nu ojú. "Tẹ́lẹ̀, tí mo bá ti dé, mo dé nìyẹn. Àwọn èèyàn á dáná yá títí. Ìsinsìnyí, tí mo bá wọ̀lú láàárọ̀, ká tó wí ká tó fọ̀, wọ́n á ní oòrùn ti ní kí n máa lọ. Lọ́dún tó kọjá, mi ò tiẹ̀ tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tí wọ́n fi ní kí n padà. Kí lẹ bá wá?"

"Òjò ni. Ó ń wá nígbà tó wù ú."

"Ọ̀dọ̀ Ẹ̀ẹ̀rùn ni kẹ́ ẹ lọ. Òun ló jókòó sórí àga gbogbo wa."

Ẹ wò ó, bí wọ́n ṣe ń rán an kiri nìyẹn. Inú ti ń bí Ọdẹ́dìran. Ètè ẹ̀ ti gbẹ débi pé tó bá rẹ́rìn-ín, ó ń dún. Kò kúkú rẹ́rìn-ín.

Ìlú Ẹ̀ẹ̀rùn ò ní igi. Àga ńlá kan ló wà láàárín ẹ̀, wọ́n ní àga ọdún ni. Ẹni tó bá jókòó lé e, tiẹ̀ ni àsìkò. Ìyá kan tó sanra bí àká ló wà lórí ẹ̀, ara ẹ̀ kún jáde láti apá méjèèjì, ó ń jẹ oṣù kẹrin lọ́wọ́. Oṣù kẹta ti tán, èèpo ẹ̀ ló wà nílẹ̀. Oṣù karùn-ún wà nínú àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

"Dìde," Ọdẹ́dìran ní.

"Ẹ kì í kí èèyàn?"

"Ẹ kú oúnjẹ, Ìyá Ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ dìde."

Kò dìde. Ni Ọdẹ́dìran bá gbé ìbọn sílẹ̀, ó dì í mú ní ìbàdí. Níbí, tó bá ń sọ ọ́, á ní kí gbogbo wa wo apá òun. Ó fà á, ara ìyá náà gbóná bí ìdí ìkòkò, awọ ọwọ́ Ọdẹ́dìran ń bó. Ó fà á títí òun, Ẹ̀ẹ̀rùn àti àga fi yí ìlú ká, eruku sọ, ẹlúlùú ń pariwo pé kí wọ́n má tẹ òun. Nígbà tí wọ́n dúró, Ẹ̀ẹ̀rùn ṣì wà lórí àga. Ó tiẹ̀ ń jẹun.

"Ṣé ẹ rò pé ó wù mí ni?" ó ní, ohùn ẹ̀ wá rọlẹ̀. "Mo ti palẹ̀ ẹrù mi mọ́ látìgbà Àjíǹde. Ilé ń pè mí. Ara mi ló ń wú, àga ò sì jẹ́ kí n yọ. Ẹ wo òkè, kẹ́ ẹ rí ohun tó ń wú mi."

Ọdẹ́dìran wòkè. Aṣọ kan ló bo gbogbo ojú ọ̀run, èéfín ni wọ́n fi hun ún. Ó nípọn, ó ń rùn. Gbogbo ayé wà lábẹ́ ẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n da bùláńkẹ́ẹ̀tì bò lọ́sàn-án gangan. Iwájú aṣọ náà, àárín ẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀, èéfín ilé-iṣẹ́ ńláńlá ni, èéfín kànga epo tí wọ́n ń sun iná lórí ẹ̀ tọ̀sán-tòru, èéfín mọ́tò ìlú tí mọ́tò ẹ̀ pọ̀ ju èèyàn lọ. Ní etí ẹ̀ lọ́hùn-ún, ó rí àlẹ̀mọ́ kékeré kan, kò ju áńkáṣíìfù lọ. Ó gbóòórùn ẹ̀. Igbó sísun ni, àti èédú. Ó dá a mọ̀: ti Odò-Ẹtu ni.

"Ẹ̀yin náà ti fi díẹ̀ sí i," ẹlúlùú ní.

"Pa ẹnu ẹ dé. Ta ló ni ìyókù?"

Ẹ̀ẹ̀rùn nawọ́ sí òkè ọ̀nà. Ìlú Aláṣọ-Èéfín.

Wọ́n débẹ̀. Ìlú yẹn, inú ilé wọn tutù nini, ẹ̀rọ ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí wọn lára, ìdí ẹ̀rọ náà sì ń tú ooru síta. Bí Ọdẹ́dìran ṣe wọlé, ó ń gbọ̀n, òun tó ti ń làágùn látilé. Wọ́n fún un ní àga onítìmùtìmù. Wọ́n fún un ní omi tútù nínú ike. Wọ́n bọ̀wọ̀ fún un débi tó bà á lẹ́rù.

Alága wọn, ọkùnrin kan tí orí ẹ̀ ń dán, ní, "Bàbá, ẹ bá wa sọ tinú yín."

Ọdẹ́dìran sọ ọ́. Ó sọ ti ewúrẹ́, ó sọ ti odò tí pẹ́pẹ́yẹ ń rìn nínú ẹ̀, ó sọ ti apẹ̀rẹ̀ irúgbìn tó kù àti àwọn ọmọ tó ń wo ẹnu ìyá wọn. Wọ́n ń mi orí. Àwọn kan nu ojú. Nígbà tó sọ tán, wọ́n dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, ó pẹ́.

"Nítorí náà, ẹ máa ká aṣọ yìí kúrò?" ó bi wọ́n.

"A ti gbọ́ yín dáadáa," Alága ní. "A máa yan ìgbìmọ̀ kan. Ìgbìmọ̀ yẹn máa wo ọjọ́ tá a máa ṣèpàdé."

"Ìpàdé tẹ́ ẹ máa fi ká aṣọ?"

"Ìpàdé tá a máa fi mọ irú ìpàdé tó yẹ."

Ni wọ́n bá ní kó dúró káwọn ya fọ́tò ẹ̀ pẹ̀lú ẹyẹ. Wọ́n ní kó ṣe ojú bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun lóòótọ́. Wọ́n ní ìyẹn dáa, kó tún fa ojú ro díẹ̀ sí i.

Ọdẹ́dìran jáde, ó gbé ìbọn, ó yìn ín lu aṣọ èéfín. Gbòlà. Ihò ṣí, ojú ọ̀run yọ, aláwọ̀ aró bíi ti àtijọ́. Ó ní ọkàn òun fò. Kó tó rẹ́rìn-ín, èéfín ìbọn ẹ̀ náà gòkè lọ, ó dí ihò náà pa.

Mi ò mọ̀ bóyá ẹ ti rí ọdẹ tó ń jà pẹ̀lú ìbọn ẹ̀ rí. Ó sọ ọ́ mọ́lẹ̀, ó fẹsẹ̀ gbá a, ó tún gbé e, torí ti bàbá ẹ̀ ni.

Ibi tó ti ń fẹsẹ̀ gbá ìbọn ni Òjò ti bá a. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ gìdìgìdì lórí òkè, ó gbójú sókè, obìnrin kan ló ń sáré bọ̀. Ó ru omi lé omi lórí, ọrùn ẹ̀ ti wọlé sí èjìká, àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ ti bó, pupa ni. Àwọsánmà ń wọ́ tẹ̀ lé e bí aṣọ tó tú lára aláboyún.

"Dúró," Ọdẹ́dìran ní. "Mo pè ọ́ lẹ́jọ́."

"Mi ò lè dúró. Sáré tẹ̀ lé mi, kó o máa rojọ́ náà bọ̀."

Bí ó ṣe ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ Òjò nìyẹn, tó ń rojọ́, tó ń mí hẹlẹ. "Ẹ̀ẹ̀mejì lo tàn wá. Irúgbìn wa jóná. Ẹlẹ́rìí mi rèé. Ẹlúlùú, sọ ọ́."

"Àyà ló ń yún mi," ẹlúlùú ní.

"Sọ ẹjọ́ náà."

"Ẹjọ́ náà ni pé àyà ló ń yún mi."

Òjò rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. "Ọdẹ, wo ẹsẹ̀ mi. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń rìn jẹ́jẹ́. Igbó pọ̀ lọ́nà, mo máa ń sọ ẹrù kalẹ̀ níbòji, màá ta díẹ̀ sílẹ̀ níbí, màá ta díẹ̀ lọ́hùn-ún. Ìsinsìnyí, wọ́n ti gé ibòji, ọ̀nà gbóná bí agbada, eré ni mò ń sá. Òkun gbóná, ó ń di ẹrù lé mi ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Ibi tó bá ti mú mi lọ́rùn ni mò ń da gbogbo ẹ̀ sí lẹ́ẹ̀kan. Ó sì máa ń pẹ́ kí n tó lè tún padà."

"Fún mi lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ kan tó dájú."

"Mi ò ní ọjọ́ tó dájú. Tí mo bá fún ọ, irọ́ ni."

Ọdẹ́dìran fojú inú rí apẹ̀rẹ̀ irúgbìn yẹn lórí iná. Ó rí àwọn ọmọ tó ń jẹ ẹ́ tán, tí wọ́n ń wo ọdún tó ń bọ̀.

"Èmi náà ní ẹjọ́," Òjò ní. "Ilé yín wà lójú ọ̀nà mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dé Odò-Ẹtu lọ́dún yìí pẹ̀lú gbogbo ohun tí mo ní. Gbogbo ìkòkò yín ló kọ ìdí sí mi. Mo ní, áà, àwọn wọ̀nyí ti yó."

"Àpọ́nlé nìyẹn," Ọdẹ́dìran ní. "Àlejò lo jẹ́. A ò fẹ́ já ẹrù gbà lórí rẹ."

"Ṣé àpọ́nlé lẹ máa mu? Ọrùn mi ń kán, ẹ jókòó, ẹ ń bọ̀wọ̀ fún mi." Òjò tún ẹrù gbé. "Nígbà tí mo ń wá lẹ́ẹ̀mẹwàá, kò burú kẹ́ ẹ jẹ́ kí èyí àkọ́kọ́ lọ. Ìsinsìnyí tó jẹ́ pé èyí àkọ́kọ́ náà lè jẹ́ ìkẹyìn ńkọ́?"

Ọdẹ́dìran tẹrí ba, ó ń sáré lọ. Òun tó máa ń bá igi jiyàn.

"Odò-Ẹtu gan-an ni mo kọjú sí báyìí," Òjò ní.

"Ní báyìí? Fún mi láyè díẹ̀, kí n dé ilé ná."

"Mi ò lè dúró. Mo ti ní kó o sáré."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọkùnrin yẹn sáré. Ó sáré kọjá Ẹ̀ẹ̀rùn, Ẹ̀ẹ̀rùn ń juwọ́ sí i. Ó kọjá Ọyẹ́, Ọyẹ́ bi í pé ṣé iṣẹ́ ti jáde. Iwin Ìrókò pariwo pé òun ti rí ìdáhùn àlọ́ yẹn, kò dúró gbọ́. Afẹ́fẹ́ òjò ń fẹ́ ẹ ní ìpàkọ́, àwọsánmà ń tẹ gìgísẹ̀ ẹ̀.

Ó já sí abúlé. Ojú ọjọ́ ti ṣú. Yèyé Ìbídùn ti wà láàárín ojúde, ó ń na ọ̀pá, "Òjò àkọ́kọ́ o. Ẹ dojú ìkòkò dé." Gbogbo ilé ń dojú ìkòkò dé. Ọdẹ́dìran wọ àárín wọn, ó ń yí i padà. Bó ṣe ń ṣí ti iwájú, wọ́n ń dé ti ẹ̀yìn.

"Ọdẹ́dìran, ooru ti kọlù ọ́ lórí," ẹnì kan ní.

"Ẹ ṣí i. Gbogbo ẹ̀. Ẹ gbé àwo síta, ẹ gbé páànù síta, ẹ gbẹ́ kòtò."

"Ìwọ lo fẹ́ já ẹrù gbà lórí àlejò?" Yèyé Ìbídùn bi í.

"Yèyé, àlejò náà ló ní ká wá bá òun sọ ẹrù kalẹ̀. Ó wúwo. Ọrùn ẹ̀ ti wọlé sí èjìká."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Òun fúnra ẹ̀."

"Ta lẹlẹ́rìí ẹ?"

Ọdẹ́dìran wo ọwọ́ ẹ̀. Ọ̀já ló kù. Ẹlúlùú ti fò lọ. Ọkùnrin náà fẹ́ sunkún níbẹ̀. Ó rìn dé ibi tí kò séèyàn tó dé rí, ó padà dé, wọ́n ń bi í ní ẹlẹ́rìí.

Ó já sí ojúlé ẹ̀. Àmù tó tóbi jù ní abúlé wà níbẹ̀, ó dojú dé. Ó ki ọwọ́ bọ ìdí ẹ̀.

"Ẹ má ṣí ìyẹn," Àwẹ̀ró ké láti inú ilé. "Baálé mi, ẹ má ṣí ìyẹn."

Ó ti ṣí i. Apẹ̀rẹ̀ irúgbìn ló wà lábẹ́ ẹ̀, níbi tí eku ò lè dé. Etí àmù kọ́ apẹ̀rẹ̀ náà, ó dojú dé, àgbàdo fọ́n sí gbogbo àgbàlá. Bí èyí àkọ́kọ́ ṣe kan ilẹ̀, òjò já lulẹ̀.

Òjò ń lu irúgbìn, ó ń yí i mọ́ ẹrẹ̀. Àwẹ̀ró dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Èyí tẹ́ ẹ ní kí n má fọwọ́ kàn nìyẹn," ó ní. "Àwọn ọmọ sunkún títí, mi ò fọwọ́ kàn án."

Gbogbo wọn mọ̀ ọ́n: irúgbìn tó bá ti mu omi báyẹn, kò ṣeé tọ́jú mọ́. Kí wọ́n sè é lónìí, tàbí kí wọ́n gbìn ín lónìí. Kò sí ọ̀la níbẹ̀. Ọdẹ́dìran kúnlẹ̀, ó ń ṣa á lọ́kọ̀ọ̀kan sínú gbérí ẹ̀. Kò lè wo ojú ìyàwó ẹ̀.

"Ṣé ó fún yín lọ́jọ́?" Àwẹ̀ró bi í.

"Kò fún mi lọ́jọ́. Ó ní òun ò ní. Ohun tó ru wá yìí ló kù lọ́wọ́ ẹ̀."

Yèyé Ìbídùn wà lábẹ́ òjò, ó di ọ̀pá mú. Ó wo omi tó ń ṣàn lọ sísàlẹ̀ bíi ti àkọ́kọ́, bíi ti ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ó wo àwọn ìkòkò tó kọ ìdí sókè, bí omi ṣe ń ta lára wọn. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó wá rìn lọ sí ojúlé ara ẹ̀, ó fi ẹnu ọ̀pá ti orù ẹ̀, orù tí ìyá tó bí i lọ́mọ fún un, ó yí i padà. Omi ń dún nínú ẹ̀.

"Ẹ gba ẹrù lórí ẹ̀," ó ní. "Ó ti rẹ ẹ́."

Ẹ ò rí eré. Wọ́n gbé garawa, wọ́n gbé agbada, wọ́n gbé páànù tí wọ́n fi ń yan gààrí. Wọ́n gbẹ́ ojú àgbàrá ní kòtò kòtò, wọ́n fi amọ̀ tẹ́ ẹ. Ẹnì kan gbé bàtà òjò síta. Nígbà tí òjò dá, gbogbo ohun tó ní inú ní Odò-Ẹtu ló kún. Àwẹ̀ró se ìkúnwọ́ díẹ̀ fún àwọn ọmọ nínú irúgbìn tó tutù náà, òun àti ọkọ ẹ̀ gbin ìyókù kí ilẹ̀ tó gbẹ.

Òjò ò padà. Bó ṣe wí náà ni. Ẹ̀ẹ̀rùn ṣì wà lórí àga. Ṣùgbọ́n omi wà nínú kòtò, omi wà nínú àmù. Wọ́n ní Ọdẹ́dìran tó da irúgbìn nù ni kó máa bomi rin ín. Ẹ wo ọdẹ tí ẹfọ̀n bẹ̀ rí, igbá lọ́wọ́, tó ń bẹ̀rẹ̀ nídìí àgbàdo kọ̀ọ̀kan, tó ń wọ̀n ọ́n bí ẹni tó ń fún ọmọ ní oògùn. Àwọn tó ń kọjá ń kí i pé, "Baba ọdẹ, ẹ kú ọdẹ." Ó ń ráhùn. Ó ń bú Alága olórí dídán, ó ń bú èéfín ìbọn ẹ̀. Lọ́dún yẹn, kò bá wọn sun igbó. Ó ní áńkáṣíìfù àwọn ti tó. Àgbàdo kan kú, èyí tó pọ̀ hù, ó ga dé orúnkún, ó ń tiraka.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, ẹlúlùú ké létí oko. Ó ké bí ẹni tí ó dá lójú. Tẹ́lẹ̀, gbogbo abúlé á ti dìde. Ọdẹ́dìran ò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Ṣé òjò ni, àbí àyà ló ń yún ẹ?" ó bi í.

Ẹyẹ fẹsẹ̀ yún àyà. "Baba ọdẹ, mi ò mọ̀."

"Ìwọ náà wá mu omi."

Ó gbé igbá sílẹ̀ fún un, omi tó kù nídìí ẹ̀ ò ju ẹnu ẹyẹ lọ. Ẹyẹ mu ún. Ọdẹ́dìran lọ bu míì, ó wo inú àmù kó tó bù ú, ó wò ó dáadáa, ó sì dín in kù.

Ibẹ̀ ni mo fi í sí. Ẹni tó gbé ẹ̀wà kaná lẹ́ẹ̀kan, dìde lọ wò ó, bóyá omi ṣì kù nídìí ẹ̀.